Orí Kẹfà: Bí Ìmọ̀ Tuntun Ṣe Ń Wáyé Nínú Iṣẹ́ Àkànṣe Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Bí ó sì ti rí ní ìgbà ìwáṣẹ̀ náà ni ó rí títí di òní olónìí níbi iṣẹ́ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù pilẹ̀ ohun tí ojú kò rí rí. Nínú orí tí ó ṣáájú èyí, a ti ṣàlàyé bí a ti ń ṣètò iṣẹ́ àkànṣe: bí a ti ń ṣírò iye owó tí yóò ná ni, bí a ti ń pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, àti bí a ti ń dá ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fojú tẹ́ḿbẹ́lú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé nígbà tí a bá ti kọ ètò iṣẹ́ sínú ìwé tán, ohun gbogbo tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ti di mímọ̀, onítọ̀hún ti ṣìnà, nítorí púpọ̀ nínú ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà yóò fi yọrí sí rere ni kò tíì sí láyé ní ọjọ́ tí a kọ ìwé náà: inú iṣẹ́ ni a ó ti bí i, ọwọ́ àwọn tí yóò lo ẹ̀rọ náà ni a ó sì ti gbà á.

Ìmọ̀ inú àti ìmọ̀ àkọsílẹ̀

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a mọ irú ìmọ̀ tí à ń wí. Michael Polanyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó di olùkọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní ọdún 1966, èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní The Tacit Dimension; nínú ìwé náà ni ó ti fi yé ni pé ìmọ̀ ọmọ ènìyàn kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ènìyàn lè dá ojúlùmọ̀ rẹ̀ mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún èrò, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ṣàlàyé ohun tí ó rí lójú onítọ̀hún tí kò fi ṣì í mú, yóò kólòlò, kò sì ní rí àlàyé kan gúnmọ́ ṣe. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó wà lọ́wọ́, tí ó wà lójú, tí ó sì ti wọ ara ẹni tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ni a ó máa pè ní ìmọ̀ inú. Èyí tí a kọ sílẹ̀, tí a yà ní àwòrán tàbí tí a sọ di ètò kọ̀ǹpútà, ni a ó máa pè ní ìmọ̀ àkọsílẹ̀. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí ìwé tó dé: ìdí rẹ̀ nìyí tí wọn kì í fi í ka iṣẹ́ sí ọmọ létí lásán, tí wọ́n ń fi ọmọ sí abẹ́ ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ, kí ó lè máa wo ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tàbí aláró bí ó ti ń ṣe, títí iṣẹ́ náà yóò fi mọ́ òun náà lọ́wọ́.

Ní ọdún 1995 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Japan méjì, Ikujiro Nonaka àti Hirotaka Takeuchi, gbé ìwé The Knowledge-Creating Company jáde, tí wọ́n sì fi hàn níbẹ̀ pé ìgbà tí ìmọ̀ inú àti ìmọ̀ àkọsílẹ̀ bá ń wọnú ara wọn ni ìmọ̀ tuntun ń jáde. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n là kalẹ̀: pé kí ènìyàn bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀ títí ìmọ̀ inú ti ẹnìkínní yóò fi ràn mọ́ ẹnìkejì, pé kí a wá ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tí a ó fi sọ ìmọ̀ inú náà jáde, pé kí a kó àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi jọ kí a sì fi wọ́n hun ohun tuntun, àti pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lo ohun tí a kọ náà títí yóò fi tún di ìmọ̀ inú fún wọn. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ṣe kedere. Ní bí ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Matsushita ní agbègbè Osaka ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa po ìyẹ̀fun tí yóò sì máa yan búrẹ́dì fúnra rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí ẹ̀rọ náà ń yan, èèpo rẹ̀ a ti jóná, inú rẹ̀ kò sì ní tíì jinná. Ikuko Tanaka, obìnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ni ó lọ fi ara rẹ̀ ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn aṣebúrẹ́dì ní Osaka International Hotel, tí ó ń wò ó bí ó ti ń po ìyẹ̀fun, títí ó fi ṣàkíyèsí pé bí ọ̀gá náà ti ń fa ìyẹ̀fun gùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ́ ọ pọ̀. Ó padà wá sọ ohun tí ó rí fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn yẹn sì fi irin tí ó yọ gọngọ sí inú ẹ̀rọ náà kí ó lè máa lọ́ ìyẹ̀fun bí ọwọ́ ọ̀gá ti ń lọ́ ọ. Ní ọdún 1987 ẹ̀rọ náà bọ́ sí ọjà.

Èmi kò gbà pé ọ̀nà mẹ́rin yìí a máa tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́ bí a ti tò wọ́n sínú ìwé, nítorí níbi iṣẹ́ gidi a máa ń ti ìkẹta padà sí ìkíní, ìkejì pàápàá sì lè pẹ́ kí ó tó dé, tàbí kí ó má tilẹ̀ dé rárá. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé náà tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ṣinṣin, òun náà ni pé ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà ni ó dìde ní àyè rẹ̀ lọ bá ẹni tí ó mọ búrẹ́dì, kò dúró kí ẹni yẹn wá kọ ìwé fún un.

Àwọn atúnṣe ẹ̀rọ Xerox

Ilé-iṣẹ́ Xerox ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ adàwékọ, ti kọ ìwé ńlá fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ń lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní ọ́fíìsì àwọn oníbàárà: bí ẹ̀rọ bá fi àmì báyìí hàn, kí wọn ṣe báyìí, bí kò bá gbọ́, kí wọn ṣe tọ̀hún. Julian Orr, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ẹ̀dá tí ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, tẹ̀lé àwọn atúnṣe yìí kiri ní àwọn ọdún 1980, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé Talking About Machines, tí ó jáde ní ọdún 1996. Ohun tí ó rí ni pé ẹ̀rọ kì í bàjẹ́ bí ìwé ti là á sílẹ̀. Ibi tí a gbé e sí, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tí ń lò ó a máa bí àìsàn tí àwọn òǹkọ̀wé náà kò gbọ́ rí. Ìdí oúnjẹ ni àwọn atúnṣe ti ń rí oògùn irú àìsàn bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jókòó jẹun pọ̀, tí ẹnìkan ń pìtàn ẹ̀rọ tí ó yọ ọ́ lẹ́nu, tí èkejì ń fi tirẹ̀ lé e, tí ẹ̀kẹta ń rántí ohun tí ó jọ ọ́ ní oṣù tí ó kọjá. Lójú ọ̀gá tí ń ka wákàtí, fífi àkókò ṣòfò ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Lójú Orr, ibẹ̀ gan-an ni ilé-ìwé wọn wà.

Láti inú òye yìí ni iṣẹ́ àkànṣe tí a pè ní Eureka ti jáde ní àwọn ọdún 1990. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ó tó dé Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ètò náà kò le: atúnṣe tí ó bá rí oògùn àìsàn tuntun yóò kọ ọ́ ránṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dáńtọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni, lẹ́yìn náà ni a ó fi í sínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo atúnṣe lè yẹ̀ wò níbikíbi tí wọ́n bá wà. Nígbà tí ọ̀ràn ẹ̀bùn jẹ yọ, tí a ń rò ó bóyá kí a máa san owó lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ, àwọn atúnṣe fúnra wọn ni wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ ni kí a máa fi orúkọ ẹni tí ó kọ nǹkan sí ara rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iyì orúkọ kò ní ṣe háà sí èyí, nítorí orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àti pé ẹni tí a ń sanwó fún lórí iye ohun tí ó kọ lè máa kọ ìkọkúkọ kí owó rẹ̀ lè pọ̀. Ní Brazil, òṣìṣẹ́ kan ti fẹ́ pààrọ̀ odidi ẹ̀rọ aláwọ̀ kan tí iye rẹ̀ tó ọ̀kẹ́ méjì dọ́là, èyí ni 40,000, nígbà tí ó rí ohun tí atúnṣe kan kọ láti Montreal. Ohun kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là kan ni ó pààrọ̀, ẹ̀rọ náà sì jí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé Eureka gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìnáwó tí ó tó 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, wọ́n ní ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n a ní láti fi ohùn rẹ̀ dé etí ará yòókù ná, iṣẹ́ tí Eureka sì ṣe nìyẹn.

M-Pesa: iṣẹ́ tí a rán wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni àwọn atúnṣe Xerox, ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ sì lè pè wọ́n nígbàkúùgbà. Báwo ni yóò ti rí nígbà tí ìmọ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ rárá, oníbàárà tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ìgboro tàbí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé òun mọ ohunkóhun? Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò lórí èyí wà ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí a ti bí M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Pesa ni àwọn tí ń sọ èdè Swahili ń pe owó.

Nick Hughes, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù Vodafone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú àbá náà wá. DFID, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà náà, fi owó tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ràn án lọ́wọ́, Vodafone náà sì fi irú rẹ̀ lé e. A rán Susie Lonie, obìnrin kan tí ó mọ òwò orí fóònù dunjú, lọ sí Nairobi ní ọdún 2005 láti darí iṣẹ́ náà; ilé-iṣẹ́ Sagentia ní ìlú Cambridge ni ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀; Safaricom ni ilé-iṣẹ́ fóònù tí yóò gbé e, Commercial Bank of Africa ni yóò tọ́jú owó, Faulu Kenya, ilé-iṣẹ́ tí ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, ni yóò sì fi àwọn oníbàárà rẹ̀ dán an wò. Ẹ kíyèsí iṣẹ́ tí a rán wọn dáadáa. Àwọn tí ń yá owó lọ́wọ́ Faulu a máa kóra jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, wọn a pàdé lóòrèkóòrè, wọn a san díẹ̀díẹ̀ nínú gbèsè wọn, ẹnìkan a sì gbé owó náà lọ sí báńkì pẹ̀lú ewu ọ̀nà. Èrò àwọn tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni pé bí a bá lè gba owó àyálò lórí fóònù, tí a sì lè san án padà lórí fóònù, ìrìn yóò dínkù, ewu yóò dínkù, ìṣirò yóò sì yá. Kò sí ọ̀rọ̀ fífi owó ránṣẹ́ sí ìyá ẹni ní abúlé nínú rẹ̀.

Bí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ni. A fi ojúlé ètò náà sínú síìmù, tí ó fi jẹ́ pé fóònù tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lè lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó sí i yóò lọ bá aṣojú, ẹni tí ó sábà máa ń jẹ́ ọlọ́jà tí ń ta káàdì ìpè. Yóò fún un ní owó ọwọ́, aṣojú yóò fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ láti inú owó orí fóònù tirẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò sì dé fún àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó, yóò ṣe òdìkejì èyí, yóò sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ kí a má bàa jà á lólè. Gbogbo owó tí ó wà lórí fóònù àwọn ènìyàn ni irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní báńkì ní pípé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣòwò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ní àárín gbùngbùn Nairobi, ní Mathare níbi tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé, àti ní ìlú Thika. Àwọn aṣojú kò ju mẹ́jọ lọ, àwọn oníbàárà kò sì tó 500 tán. A fún wọn ní ẹ̀kọ́ lórí bí wọn yóò ti gba owó àyálò àti bí wọn yóò ti san án. Kò pẹ́ tí Lonie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà ohun tí wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan a bá ẹlòmíràn san gbèsè rẹ̀ ní ìlú mìíràn, onígbèsè náà a sì san án padà fún un pẹ̀lú iṣẹ́ tàbí ọjà. Oníṣòwò tí báńkì ti tilẹ̀kùn kí ó tó pa ọjà rẹ̀ a kó owó ọjọ́ náà sórí fóònù, a sùn, a sì gbà á padà láàárọ̀. Ẹni tí ń rìnrìn àjò láti Nairobi sí Thika a fi owó rẹ̀ sí i kí ó tó wọkọ̀, a sì gbà á ní ìdí aṣojú ibi tí ó bá sọ̀ sí, kí olè ojú ọ̀nà má bàa rí ohunkóhun lára rẹ̀. Àwọn mìíràn a ra owó ìpè lórí fóònù tiwọn fún ẹbí tí ó wà lókèèrè. Àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn, láìsí gbèsè, láìsí Faulu, láìsí ẹgbẹ́.

Alákòóso tí ó bá ka ètò iṣẹ́ sí òfin tí kò ṣeé yí padà ì bá pe gbogbo èyí ní àṣìlò, ì bá sì pàṣẹ kí a ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Irú alákòóso bẹ́ẹ̀ pọ̀, a sì ti rí wọn. Ohun tí ó mú mi máa bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n béèrè ìdí rẹ̀. Ìdí náà sì wà nínú ìgbé-ayé àwọn ará Kẹ́ńyà: ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni ó ti fi abúlé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, tí ilé wọn, àwọn òbí wọn àti ọmọ wọn ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì ń fi owó rán awakọ̀ tàbí arìnrìn-àjò tí wọ́n bá mọ̀, pẹ̀lú àdúrà pé kí ó dé. Báńkì kò sí lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n káàdì ìpè wà ní gbogbo oríta. Gbogbo ará Kẹ́ńyà ni ó mọ èyí. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé ìmọ̀ ni.

Ìdánwò kan náà fi ohun kíkorò hàn pẹ̀lú. Bí ènìyàn ti lè san gbèsè láti ilé rẹ̀, ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń pàdé bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtìjú tí ọmọ ẹgbẹ́ ní lójú ara wọn gan-an ni ó ń mú kí wọ́n máa san gbèsè déédéé. Ìṣirò ti M-Pesa àti ìṣirò ti Faulu kò sì wọ ara wọn, àwọn akọ̀wé ní láti máa fi ọwọ́ da àkọsílẹ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ohun tí a rò pé yóò mú iṣẹ́ ayánilówó rọrùn ń mú un le. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ: nígbà tí Safaricom gbé M-Pesa síta fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 2007, a ti fi àyálò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìpolówó rẹ̀ kò sì ju pé kí ènìyàn máa fi owó ránṣẹ́ sílé lọ. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìmọ̀ kò dáwọ́ bíbí dúró ní ọjọ́ tí a ṣí iṣẹ́ náà. Owó ń ti ìlú ńlá wọ abúlé, nítorí náà aṣojú abúlé ni gbogbo ènìyàn ń bá gba owó, owó ọwọ́ a sì tán nílé rẹ̀, nígbà tí owó ọwọ́ ń kún àpótí aṣojú ìlú. Ó di dandan kí a wá àwọn tí yóò máa kó owó láti ọ̀dọ̀ èyí lọ sí ọ̀dọ̀ tọ̀hún, kí a sì máa ṣọ́ aṣojú kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ìjọba pàápàá ní láti kọ́ ẹ̀kọ́. Kò sí òfin Kẹ́ńyà tí ó mẹ́nu ba irú nǹkan báyìí, Báńkì Àpapọ̀ sì gbà kí iṣẹ́ náà máa lọ lẹ́yìn tí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú àdéhùn pé kí owó àwọn ènìyàn máa wà ní pípé ní báńkì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, nígbà tí ìjọba pàṣẹ kí a tún gbé ètò náà yẹ̀ wò tinú-tòde, ìwádìí tí ó jáde ní oṣù tí ó tẹ̀lé e kò bá àléébù tí ó lè dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 2016, Tavneet Suri àti William Jack kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Science, pé M-Pesa ti yọ ìdílé bí 194,000 kúrò nínú òṣì, èyí tí í ṣe ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìdílé Kẹ́ńyà. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn bá wọn jiyàn lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ jinlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ka ti ìhà méjèèjì.

Àyálò tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ kan náà padà wá. Ní ọdún 2012, Safaricom àti Commercial Bank of Africa gbé M-Shwari jáde, níbi tí ènìyàn ti lè tọ́jú owó kí ó sì yá owó lórí fóònù, láìsí ìpàdé ẹgbẹ́ kankan, nítorí pé ìwà ẹni lórí M-Pesa ti di àkọsílẹ̀ tí báńkì lè fi mọ ẹni tí yóò san gbèsè. Nick Hughes náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá M-KOPA sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífún àwọn ìdílé ní iná oòrùn tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù. Ìmọ̀ kan ni ó ń bí òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kọ M-Shwari sínú ètò iṣẹ́ ọdún 2005, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó.

Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ alákòóso iṣẹ́

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ìdánwò jẹ́ ìdánwò lóòótọ́. Iṣẹ́ tí a ti ná gbogbo owó rẹ̀ tán kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án kò lè kọ́ ohunkóhun mọ́, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó bá dé kò ní bá owó tí a ó fi tẹ̀lé e. Àwọn oníbàárà tí kò tó 500 àti aṣojú mẹ́jọ ni a fi dán M-Pesa wò, ìyẹn ni ó fi ṣeé ṣe fún ẹni tí ń darí rẹ̀ láti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Alákòóso gbọ́dọ̀ máa wà níbi tí a ti ń lo ẹ̀rọ. Ìròyìn tí a kó wá bá a ní ọ́fíìsì ti gba ọwọ́ púpọ̀, oníròyìn kọ̀ọ̀kan a sì ti yọ ohun tí kò fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ kúrò nínú rẹ̀. Kí ìwé wà níbi iṣẹ́ tí a ń kọ ohun àjèjì sí, pàápàá ohun tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí a sì máa kà á pọ̀. Kí orúkọ ẹni tí ó mú ìmọ̀ wá má ṣe sọnù, ìbáà ṣe ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àti pé kí ẹni tí ó ni owó, ìbáà ṣe ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́, gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ète iṣẹ́ lè yí padà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jù ní ilẹ̀ wa, níbi tí a ti ń fi bí iṣẹ́ ti bá ìwé mu ṣe ìwọ̀n rẹ̀, tí a kì í béèrè bóyá ó wúlò.

Ìmọ̀ tí kò gba àdàkọ

Nígbà tí M-Pesa ti ṣe rere ní Kẹ́ńyà, ó dàbí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ó kù ju kí a gbé e káàkiri. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ fóònù Vodacom àti báńkì Nedbank ṣí i ní ọdún 2010. Ètò kọ̀ǹpútà wà, owó wà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wà, síbẹ̀ ní ọdún 2016 wọ́n pa á tì. Báńkì ti pọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ju ti Kẹ́ńyà lọ, àwọn ilé ìtajà ńlá sì ti ń bá àwọn ènìyàn fi owó ránṣẹ́, nítorí náà ohun tí ń dun ará Nairobi kò dun ará Johannesburg bákan náà. Ní Índíà, a ṣí i ní ọdún 2013, a sì pa á dé ní ọdún 2019. Àkọsílẹ̀ ni a lè gbé sọdá odò. Ìmọ̀ inú àwọn oníbàárà Mathare àti Thika, tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ àkọsílẹ̀ náà, ẹ̀yìn ni ó kù sí. Tanzania ní tirẹ̀, níbi tí ìrìn owó láti ìlú sí abúlé jọ ti Kẹ́ńyà, gbà á láyè, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2009 kò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe aṣíwájú nínú irú iṣẹ́ yìí, ó di ọdún 2018 kí ìlànà tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀ka wọn tó jáde, ọdún 2022 ni àwọn ti MTN àti Airtel sì tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn aṣojú oní-POS gba gbogbo oríta, láti Agége dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti dá ìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ tí a kò tíì kọ sínú ìwé kankan: bí a ti ń mọ báńkì tí owó rẹ̀ yóò tètè wọlé ní ọjọ́ kan, bí a ti ń dá ayédèrú àtẹ̀jíṣẹ́ mọ̀, bí a ti ń rí owó ọwọ́ nígbà tí báńkì kò ní, àti ẹni tí a lè fún lówó kí owó tirẹ̀ tó dé. Ẹni tí yóò bá kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò wúlò fún owó ní ilẹ̀ yìí, ìdí tábìlì àwọn wọ̀nyí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìmọ̀ inú àti ìmọ̀ àkọsílẹ̀, kí o sì mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń ṣe ní àdúgbò rẹ.

Kí ni ìdí tí àwọn atúnṣe Xerox fi yan orúkọ dípò owó? Ǹjẹ́ ìwọ náà gbà pẹ̀lú wọn? Sọ ìdí rẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni a fi ṣe alákòóso ìdánwò M-Pesa ní ọdún 2005, tí o sì rí i pé àwọn oníbàárà ń fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn dípò kí wọ́n máa san gbèsè, kọ lẹ́tà kan sí àwọn tí ó fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, kí o fi ohun tí o rí yé wọn, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ète iṣẹ́ náà yí padà.

Tọrọ àyè lọ́wọ́ aṣojú oní-POS kan ní àdúgbò rẹ, kí o jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Má ṣe béèrè owó tí ó ń wọlé fún un, má sì ṣe kọ orúkọ oníbàárà kankan sílẹ̀. Kọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò sọ fún un pé kí ó ṣe, bi í léèrè ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì mú àkọsílẹ̀ náà wá sí kíláàsì.